Adétúnbọ̀ Tó Fi Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Bó Obì

Títí di òní, bí ẹ bá dé Ìjókù ní Ṣàgámù tí ẹ dárúkọ olóògbé Adétúnbọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wáá bi yín pé, "Adétúnbọ̀ tó mú kí ẹnu Àlímì máa hó bí ọṣẹ?" Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà ni.

Oṣù kìíní ọdún 1980 ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣẹlẹ̀. Obì ti kún gbogbo àdúgbò, àwọn obìnrin sì ń jókòó ti báàfù omi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ obì gbàǹja kò ṣòro í sọ lẹ́nu, ṣíṣe rẹ̀ ló ń dunni lẹ́yìn. Ẹ ó rẹ obì sómi mọ́jú kí èèpo funfun ara rẹ̀ lè rọ̀. Ẹ ó fi ìka bó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Èékánná kò gbọdọ̀ kàn án, torí obì tó bá gbọgbẹ́ ní Ṣàgámù, jíjẹrà ni yóò jẹrà kó tó dé Kánò. Adétúnbọ̀, tó ti ìlú òyìnbó dé lọ́dún tó ṣáájú, ní ìyà yìí tó gẹ́ẹ́. Ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tí òun gbé bọ̀ láti Manchester yóò bó apẹ̀rẹ̀ obì kan kí èèyàn tó mu ẹ̀kọ tán.

Ọmọ́yẹni ìyàwó rẹ̀ yọ apẹ̀rẹ̀ kan fún un nínú obì tí Àlímì oníṣòwò kó fún wọn láti bó. Ó ní, "Apẹ̀rẹ̀ kan péré ni o, Bàbá Olúkẹ́mi." Adétúnbọ̀ fúnra rẹ̀ ló pọnmi, garawa méjìlá, ó dà á sínú ẹ̀rọ tó gbé kalẹ̀ sí fàráǹdà. Ó wọ kóòtù funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ kùn díẹ̀, ó wáá bẹ̀rẹ̀ sí í jó kúrò lójú kan, gbì, gbì, gbì, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ sílẹ̀ láti orí fàráǹdà.

"Ṣé ó ń bó o ni àbí ó ń nà án?" Sàdíátù ló béèrè bẹ́ẹ̀, òun ló dàgbà jù nínú àwọn tó ń bó obì.

"Ẹ ní sùúrù, Màmá. Ìmọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn."

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, obì mọ́ tónítóní. Èèpo ti lọ. Ìdajì obì náà sì ti bá èèpo lọ, wẹ́wẹ́ ló ṣẹ́kù. Àlímì wá wo ọjà rẹ̀. Ó ṣa ọ̀kan tó ṣì pé, ó gé e jẹ, ó dijú bí àwọn tó mọ obì ṣe ń dijú, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde ní igun ẹnu rẹ̀. Àṣé Adétúnbọ̀ fi ẹ̀rọ yẹn fọ ṣòkòtò mẹ́ta lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọṣẹ sì ṣẹ́kù sínú ikùn ẹ̀rọ! Àlímì fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n bó bá ti ya ẹnu, ọṣẹ á hó. Àwọn obìnrin dojú bolẹ̀, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Adétúnbọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Àlímì, o ò ní sùúrù. Ó ṣì ku kí ó fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ má rò pé wèrè ni o. Ẹni tó bá mọ bó ṣe lọ àti bó ṣe dé yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ọdún 1962 ló lọ. Olúkẹ́mi ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ó sọ fún Ọmọ́yẹni pé ọdún mẹ́ta péré ni. Ìlú òyìnbó wáá gbà á mọ́ra lọ́nà tirẹ̀. Ó ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan, ìyẹn aṣọ ibùsùn, aṣọ dókítà àti aṣọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là níkùn. Ọdún mẹ́ta di márùn-ún, márùn-ún di mẹ́wàá. Ó ń fowó ránṣẹ́, ó ń kọ̀wé, lẹ́tà rẹ̀ a máa ní òórùn ọṣẹ. Nígbà tí ó fi máa dé ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, ọdún mẹ́tàdínlógún ti pé. Olúkẹ́mi ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ́yẹni ti kó padà sínú ilé ìyá rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, ó sì ti di ọ̀gá láàárín àwọn tó ń bó obì ní Ìjókù.

Àwọn ará àdúgbò ti ń retí mọ́tò. Páálí ńlá kan ni ọkùnrin mẹ́rin gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Sàdíátù, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, na ọrùn, ó ní, "Yèsí rèé?" Wọ́n ní Adétúnbọ̀ ni. Ó ní, "Èwo nínú wọn, ọkùnrin ibẹ̀ un àbí páálí?"

Gbogbo èèyàn ń kí i: ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà, a kú oríire. Ọmọ́yẹni náà sọdá wá. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ìyàwó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn." Ó béèrè àlàáfíà. Ó gbé omi tútù fún un. Ṣùgbọ́n "ẹ kú àbọ̀", kò sọ ọ́.

Adétúnbọ̀ retí rẹ̀ títí. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí a kì í kí káàbọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọmọ tó lọ ra iyọ̀ ní ìkóríta, bó bá padà wọlé, a ó kí i. Nígbà tó sú u, ó ní, "Ọmọ́yẹni, o ò kí mi káàbọ̀?"

"Ẹ ò tíì dé," ni Ọmọ́yẹni wí. "Ọjọ́ tí ẹ bá dé, màá kí yín. Ọjọ́ náà ni màá kó ẹrù mi wá." Ó dìde, ó padà sídìí obì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Adétúnbọ̀ lákínyẹmí ara. Láti ọjọ́ náà, kò sí nǹkan mìíràn tó ń wá láyé ju kí obìnrin kan ṣoṣo yìí kí òun pé ẹ kú àbọ̀. Gbogbo ètò tó ń ṣe, orí ìyẹn ló dá lé.

Ìka Ọmọ́yẹni ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹni tó bá ń bó obì lójoojúmọ́, omi obì á wọ inú awọ ìka rẹ̀, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò ní í lọ mọ́. Adétúnbọ̀ sì ti ń fọ́nnu láti ọjọ́ tó ti dé pé kò sí àbàwọ́n tí apá òun kò ká. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Omi tútù. Tíì ńkọ́? Iyọ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó to ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti oògùn ìfọṣọ mẹ́ta jọ, ó ń fọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fọ ife tó lè fọ́. Ìka á mọ́ díẹ̀. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, Ọmọ́yẹni á ti bó apẹ̀rẹ̀ méjì, ìka á ti pọ́n padà. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní àwọn kò rí irú ìfẹ́ yìí rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kò ní í fẹ́ kí ó ṣe àwọn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Ọmọ́yẹni fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Bàbá Olúkẹ́mi, ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ibi tí mo wà láti ọjọ́ yìí ni ẹ̀ ń wò yẹn."

Adétúnbọ̀ kó iyọ̀ àti oògùn kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ronú pé bí òun kò bá lè fọ ìka náà, òun lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìka. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wọ ọ̀rọ̀. Kó tiẹ̀ tó dán an wò rárá, ó ti gbé pátákó síwájú ilé: ADÉTÚNBỌ̀ ÀTI AYA, A Ń FI Ẹ̀RỌ BÓ OBÌ. Ọmọ́yẹni rí "àti aya", ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun pa á rẹ́. Adétúnbọ̀ fi ọ̀dà kùn ún. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó lò kò dára, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, "àti aya" á tún yọjú. Ọmọ́yẹni á ránṣẹ́, ọkọ rẹ̀ á kùn ún, òjò á rọ̀. Wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ gbọ́ ti aago ná.

Adétúnbọ̀ ní aago ọwọ́ kan tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ níbi iṣẹ́. Láti oṣù karùn-ún tó ti dé, aago náà ń bá ti Ṣàgámù rìn dọ́gba, ẹnikẹ́ni kò fura. Àfi ọjọ́ Àìkú kan ní ìparí oṣù kẹwàá. Ìwàásù ti parí, wọ́n ti ń gbé igbá ọrẹ káàkiri, ni Adétúnbọ̀ bá wọlé pẹ̀lú kóòtù àti ìwé orin, ó jókòó síwájú, ó ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà ìkẹyìn. Ó yíjú sí bàbá ìjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìsìn yín òní yá o."

Àṣé ní ìlú òyìnbó, bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, gbogbo wọn a máa fa aago sẹ́yìn ní wákàtí kan, títí di oṣù kẹta. Adétúnbọ̀ kò gbàgbé. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bó ṣe máa ń ṣe lọ́hùn-ún, ó ti fa tirẹ̀ sẹ́yìn kó tó sùn. Wọ́n ní, "Bàbá Olúkẹ́mi, Ṣàgámù la wà o." Ó ní òun mọ̀, ọwọ́ òun ló ṣe é. Látìgbà náà, bó bá ti di oṣù kẹwàá, gbogbo nǹkan tí ọkùnrin yìí bá ń ṣe á gbẹ̀yìn pẹ̀lú wákàtí kan. Ìpàdé á ti tú. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Likosi á ti gbéra. Bí ẹ bá ní kó wá jẹun, ẹ ó ti fọ abọ́. Ọdún 1980, ó fa á sẹ́yìn. Ọdún 1981 náà, ó tún fa á. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọmọ́yẹni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Bó bá rí i tó ń sáré lọ síbi tí wọ́n ti parí nǹkan, á kàn mi orí, á sì máa bó obì rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Àlímì, ẹ̀rọ ìfọṣọ kò bó obì mọ́. Iná mànàmáná kì í sábà sí, kò sì ṣe é fọṣọ. Ó kàn wà ní fàráǹdà. Ní ìrọ̀lẹ́, Adétúnbọ̀ á gbé àpótí síwájú rẹ̀, á jókòó, á máa wo inú gíláàsì roboto tó wà ní ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní í yí. Omi kò ní í sí nínú rẹ̀. Á kàn máa wò ó, ẹ̀rín á wà létè rẹ̀, títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ọdún 1982, ìkùukùu bo gbogbo Ìjókù, ilé òdìkejì kò hàn dáadáa. Ọmọ́yẹni ń ti ọ̀dọ̀ Sàdíátù bọ̀. Ó rí i níbẹ̀. Kò mọ ohun tó mú òun yà. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò níbẹ̀?"

"Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún," Adétúnbọ̀ wí, "bí mo bá ti kó aṣọ sínú ẹ̀rọ, tó ń yí, tó ń yí, inú gíláàsì báyìí ni mo ti máa ń rí Ìjókù. Màá rí ọ lẹ́bàá báàfù. Màá rí Olúkẹ́mi tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Aṣọ funfun á máa yí, èmi á máa rí yín. Ọdún mẹ́tàdínlógún, Ọmọ́yẹni. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò wálé."

Ojú Ọmọ́yẹni kún fún omijé. Kò jẹ́ kí ó rí i. "Nísinsìnyí ńkọ́? Kí lẹ̀ ń rí?"

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu gíláàsì náà. Ó wáá ní, "Manchester ni."

Ọmọ́yẹni kò bínú. Ó yà á lẹ́nu pé òun kò bínú. Àánú ló ṣe é, àánú ẹni tó ti wà ní ibi méjì láti ọjọ́ yìí tí kò gbé ọ̀kankan rí. "Ẹ mú ọwọ́ yín wá," ló wí. Adétúnbọ̀ nawọ́. Ọwọ́ náà funfun, ó rọ̀, ọṣẹ ti jẹ ẹ́ tán, kò sí ohun tó hàn lára rẹ̀ rárá. Ọmọ́yẹni yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Lọ́la, ẹ wá jókòó tì wá."

Bó ṣe di ẹni tó ń bó obì láàárín obìnrin nìyẹn. Ọkùnrin wo ni wọ́n ti rí i rí? Sàdíátù ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá rẹ̀, kò sì ṣàánú rẹ̀. Ó gé gbogbo èékánná rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá dá obì lọ́gbẹ́, ìyà tí Sàdíátù fi ń jẹ ẹ́ ni pé yóò jẹ obì náà tòun ti gbogbo kíkorò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, obì tó jẹ pọ̀ débi pé kò fojú kan oorun fún ọjọ́ mẹ́ta. Sàdíátù ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bá wa ṣọ́lé lóru."

Ṣùgbọ́n ó ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí obì ọdún yẹn fi tún dé, ó ti ń bó apẹ̀rẹ̀ kan kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó máa ń sọ ìtàn fún wọn níbẹ̀, ti ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó tó ń fi ahọ́n dá ọṣẹ mọ̀, ti aṣọ dókítà kan tí wọ́n bá eyín nínú àpò rẹ̀. Àwọn obìnrin wá rí i pé ọwọ́ àwọn máa ń yá bó bá ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ mú sípánà, ó tú ìlù onírin tó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, èyí tí wọ́n lu ihò sí lára káàkiri. Ó gbé e fún Sàdíátù pé kó máa fi sẹ́ omi obì. Sàdíátù da obì tó ti bó sínú rẹ̀, omi jò tán lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó gbọgbẹ́. Ó wò ó, ó tún un wò. "Adétúnbọ̀," ló wí, "ohun tó dára nínú ẹrù yìí nìyí, o wáá fi gbogbo ìyókù rẹ̀ yọ wá lẹ́nu!"

Oṣù kẹwàá ọdún 1982 ń parí lọ. Ọmọ́yẹni mọ ọjọ́ tó yẹ kí ọkọ rẹ̀ fa aago sẹ́yìn, ó ti ń ka ọjọ́ náà láti ọdún mẹ́ta. Kò sọ fún ẹnì kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, iṣẹ́ pọ̀, ọkọ̀ Àlímì fẹ́ gbéra. Adétúnbọ̀ bó obì títí ìrọ̀lẹ́, ó fi ewé gbòdògì tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, ó sì lọ sùn bí ẹni tí iṣẹ́ pa.

Ọmọ́yẹni tètè wọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Agogo kò tíì lù. Ìjókòó ṣófo ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó wo iwájú. Adétúnbọ̀ ti jókòó síbẹ̀ wọ̀ọ̀, ìwé orin lórí itan, ìka rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, aago tí kò rántí fà sẹ́yìn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ́yẹni rìn gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá Olúkẹ́mi, ẹ kú àbọ̀ o."

Adétúnbọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé orin. Bàbá ìjọ rò pé nǹkan ti ṣe obìnrin náà, ó sáré wá, ó ní, "Màmá, ilé níbí ni wọ́n ti wá o. Ìjókù níbí."

"Rárá, Bàbá," ni Ọmọ́yẹni dáhùn. "Láti Manchester ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti kó ẹrù rẹ̀ sọdá ọ̀nà, òun àti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí Adétúnbọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wá ọ̀dà tó dára, ó gun àga, ó tún "àti aya" kọ gàdàgbà. Òjò tó ti ń rọ̀ láti ìgbà náà kò rí i ṣe.

Ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta ni wọ́n tún jọ gbé. Ọmọ́yẹni ní ọdún márùn-ún yẹn kò kéré, pé àwọn gbé inú rẹ̀ dé gbogbo igun. Oṣù kìíní ọdún 1988, nínú ọyẹ́, Adétúnbọ̀ jẹun ọ̀sán, ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́bàá báàfù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rẹjú díẹ̀ kí òun tó parí apẹ̀rẹ̀ yìí. Kò jí mọ́.

Olúkẹ́mi, tó ti di nọ́ọ̀sì ní Ìkẹ́nnẹ́, ló wá tọ́jú bàbá rẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, èyí tí olóògbé fúnra rẹ̀ fọ̀ tó sì lọ̀, tí kò ní àbàwọ́n kankan. Olúkẹ́mi wáá rí ọwọ́ tó wà lórí aṣọ náà. Ó bu oògùn sí òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún bó ṣe ń nù ún. Kò lọ. Ó tún bu òmíràn.

"Màmá, ìka wọn ò mọ́. Ṣé báyìí la máa ṣe gbé wọn lọ?"

Ọmọ́yẹni gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi tirẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wò ó kò lè mọ ìka tọkọ yàtọ̀ sí tìyàwó.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi," ló wí. "Kí ará ọ̀run lè rí ibi tí bàbá rẹ ti wá."